Ẹ Jẹ́ Ká Wádìí Ká Tó Dáwó: Ọ̀rọ̀ Lórí Píkọ́ọ̀pù Ìlú Wa Tí Kò Fà Mọ́

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé gbogboogbò ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú wa. A gbé e síbí fún àwọn ọmọ ìlú tí wọn ò lè wá.)

   

Alága ní kí n má pẹ́. Iṣẹ́ mẹkáníìkì ni iṣẹ́ mi, ẹ sì mọ̀ mí mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni mo bá wá.

Gbogbo yín ti rí ìkéde tó jáde lórí gúrúùpù pé kí kálukú mú owó wá, ká fi ra ẹ́ńjìnnì tòkúnbọ̀ fún píkọ́ọ̀pù ìlú. Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ yín fún lónìí ò ju ẹyọ kan lọ. Ẹ má tíì dá owó ẹ́ńjìnnì. Owó ìwádìí ni kí a kọ́kọ́ san. Owó ìwádìí kéré, òun ló sì máa sọ fún wa bóyá a nílò owó ńlá tàbí a ò nílò rẹ̀.

Kò yẹ ká fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọkọ̀ yìí. Òun ló ń kó gbágùúdá àti pákó. Òun ló ń kó àga àti káńfáàsì nígbà ayẹyẹ. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, bí aboyún bá ń rọbí lóru, tí aláìsàn bá dákú, òun la máa ń gbé. Ẹ sì mọ bí ọ̀nà tiwa ṣe rí. Ẹni tó bá ti wa ọkọ̀ láti Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà gòkè lọ sí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè mọ ohun tí à ń pè ní òkè. Ọkọ̀ tí kò fà, tó jẹ́ pé jíà kìíní ló fi ń gun òkè, kì í ṣe ọkọ̀ tí èèyàn ń gbé aláìsàn sí.

Mi ò wá ba ẹnikẹ́ni lórúkọ jẹ́ o. Mẹkáníìkì tó ń tọ́jú ọkọ̀ náà, ọmọ wa ni, ó sì ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ tọkàntọkàn. Ó gbọ́ ìró, ó wo ọjọ́ orí ọkọ̀, ó ní ẹ́ńjìnnì ti rẹ̀. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò tíì fi géèjì wọn nǹkan kan lára ọkọ̀ náà. Àwọn àgbà sì ní ẹni tó bá fara balẹ̀ pa èèrà, á rí ìfun inú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń wá a, kí gbogbo ẹni tó ní ọkọ̀ nílé náà lè rí nǹkan mú lọ.

Bí ọkọ̀ ò bá fà, ọ̀nà mẹ́ta péré ni ó lè gbà ṣẹlẹ̀. Àkọ́kọ́, nǹkan kan lè máa di ọkọ̀ náà mú. Èkejì, ẹ́ńjìnnì lè ní agbára, kí agbára náà má dé ọ̀dọ̀ táyà. Ẹ̀kẹta, ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ lè má mú agbára jáde tó. Ọ̀pọ̀ èèyàn a fo méjì àkọ́kọ́, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í tú ẹ́ńjìnnì. Bẹ́ẹ̀ méjì àkọ́kọ́ ló rọrùn jù láti yẹ̀ wò, owó rẹ̀ ò sì pọ̀.

Kí a tó mú sípánà, ìbéèrè ló ṣáájú. Kí ẹ bi dírẹ́bà: ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀? Ṣé ó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo ni, àbí ó ń burú díẹ̀díẹ̀? Ṣé àárọ̀ tí ẹ́ńjìnnì tutù ló ń ṣe é, àbí ìgbà tó bá gbóná? Ṣé lẹ́yìn tí a ra epo níbì kan ni? Ṣé lẹ́yìn tí wọ́n tún nǹkan mìíràn ṣe ni, àbí tí wọ́n pààrọ̀ táyà? Èyí tó bá ṣẹlẹ̀ lójijì lẹ́yìn tí a ra epo, epo la máa kọ́kọ́ fura sí. Èyí tó ń burú díẹ̀díẹ̀ fún oṣù mélòó kan, ẹ fura sí fílítà, sáléńsà tàbí kílọ́ọ̀ṣì. Dírẹ́bà ló mọ ìtàn yìí. Bí wọ́n bá gbé ọkọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù láìmú un dání, ìdajì ẹ̀rí ti ṣòfò nìyẹn.

Ó yá, ohun tó ń di ọkọ̀ mú ńkọ́? Bíréèkì ni olórí wọn. Nínú erùpẹ̀ pupa àti ẹrẹ̀ tiwa, bíréèkì iwájú lè gán, kó máa fún táyà mú nígbà tí dírẹ́bà ti gbé ẹsẹ̀ kúrò. Okùn bíréèkì ọwọ́ náà lè dípẹtà, kó má padà sẹ́yìn tán. Ẹ wa ọkọ̀ náà bíi kìlómítà mẹ́wàá, kí ẹ má tẹ bíréèkì púpọ̀. Ẹ páàkì, ẹ wọ́n omi díẹ̀ sí irin táyà kọ̀ọ̀kan. Ẹ má fi ọwọ́ kàn án o, ó lè jó yín. Bí mẹ́ta bá kàn lọ́wọ́ọ́rọ́, tí ẹ̀kẹrin wá ń hó ṣàà, ẹ ti rí olè kan. Lẹ́yìn náà, ẹ fi jáàkì gbé táyà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi nǹkan dè é dáadáa, ẹ yí i pẹ̀lú ọwọ́. Ó yẹ kó yí fúnra rẹ̀ díẹ̀ kó tó dúró.

Táyà náà ńkọ́? Afẹ́fẹ́ tí kò tó nínú táyà ń wọ́ ọkọ̀ sẹ́yìn. Táyà tó tóbi ju èyí tí wọ́n ṣe ọkọ̀ náà fún sì burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó dà bíi pé èèyàn fi jíà kẹta gbéra níbi tó yẹ kó fi ìkejì. Ọ̀pọ̀ píkọ́ọ̀pù tòkúnbọ̀ ló wọlé pẹ̀lú táyà gàgàrà báyìí, torí pé ẹni tó ní i tẹ́lẹ̀ fẹ́ kó ga. Ẹ wo ìwé kékeré tó lẹ̀ mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn dírẹ́bà. Ìwọ̀n táyà àti ìwọ̀n afẹ́fẹ́ rẹ̀ wà níbẹ̀.

Ẹrù wa náà wà ńbẹ̀. Ẹ má bínú, òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Hilux àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, nǹkan bíi tọ́ọ̀nù kan ni wọ́n ṣe wọ́n láti rù. Àpò sìmẹ́ǹtì kan jẹ́ kìlógíráàmù 50. Èyí túmọ̀ sí pé 20 àpò ti di tọ́ọ̀nù kan. Bí ẹ bá wá kó 35 àpò sí i, tí àwọn ọ̀dọ́ mẹ́fà tún jókòó lé e lórí, ẹ má bi mí ìdí tí kò fi gun òkè.

Ọ̀nà kejì: agbára wà, kò dé táyà. Ọkọ̀ tiwa, jíà ọlọ́wọ́ ló ní. Ibi tí ọ̀nà bá tẹ́jú tí kò sí èrò, ẹ jẹ́ kí dírẹ́bà fi jíà kẹrin tàbí ìkarùn-ún sáré bíi 50 sí 60 lórí wákàtí kan, kó wá tẹ epo mọ́lẹ̀ dáadáa. Ojú yín á wà lára ọwọ́ aago tó ń ka yíyí ẹ́ńjìnnì. Bí ẹ́ńjìnnì bá han gooro, tí ọwọ́ aago fò sókè, ṣùgbọ́n tí eré ọkọ̀ ò lọ sókè bá a, kílọ́ọ̀ṣì ló ń yọ̀. Nígbà mìíràn ẹ máa gbóòórùn bí ìgbà tí rọ́bà ń jó. Kílọ́ọ̀ṣì ń ná èèyàn lówó lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ́ńjìnnì. Bí a bá ra ẹ́ńjìnnì tuntun, tí a gbé e lé kílọ́ọ̀ṣì tó ń yọ̀, kí la ṣe? Ẹ̀yin tí ọkọ̀ tiyín jẹ́ alájíà fúnra rẹ̀, ẹ yẹ epo jíà wò. Bó bá ti dúdú, tó ń rùn bíi nǹkan tó jó, ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Bí méjèèjì yẹn bá mọ́, a lè wá kọjú sí ẹ́ńjìnnì. Kódà níbẹ̀, ẹ́ńjìnnì kì í ṣe nǹkan kan ṣoṣo. Nǹkan mẹ́rin ló ń béèrè: afẹ́fẹ́ tó pọ̀, epo tó mọ́, iná tó ń ṣẹ́ lásìkò, àti ọ̀nà tí èéfín máa gbà jáde. Bí ọ̀kan bá ṣàìpé, á dà bíi pé ẹ́ńjìnnì ti kú, bẹ́ẹ̀ kò kú.

Ẹ jẹ́ ká mú afẹ́fẹ́. Kìlógíráàmù epo bẹntiróò kan máa ń fẹ́ afẹ́fẹ́ tó tó kìlógíráàmù 15 kó tó lè jó tán. Ṣé ẹ rí i pé afẹ́fẹ́ ni ẹ́ńjìnnì ń jẹ jù? Ní àsìkò ọyẹ́, pẹ̀lú eruku ọ̀nà oko, fílítà afẹ́fẹ́ lè dí láàárín oṣù díẹ̀. Ẹ ṣí àpótí rẹ̀. Èkúté a máa kọ́lé síbẹ̀. Mo ti rí ìtẹ́ èkúté nínú àpótí fílítà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ẹ gbé fílítà sókè sí oòrùn, bí ìmọ́lẹ̀ ò bá là á kọjá, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ wá tọ rọ́bà ńlá tó gbé afẹ́fẹ́ lọ sínú ẹ́ńjìnnì, ẹ wò ó bóyá ó ti ya lábẹ́.

Sẹ́ńsọ̀ kan wà lẹ́yìn fílítà tó ń wọn afẹ́fẹ́ tó ń wọlé. Wáyà tín-ín-rín ló wà nínú rẹ̀. Bí eruku àti òróró bá bò ó, irọ́ ló máa pa fún kọ̀ǹpútà ọkọ̀, á ní afẹ́fẹ́ kéré, kọ̀ǹpútà á sì dín epo kù. Ọkọ̀ ò ní fà. Omi ìfọ̀ tí wọ́n ń fín, èyí tí wọ́n ṣe fún un, ni ká fi fọ̀ ọ́, kí a jẹ́ kó gbẹ. Ẹ má fi ìka tàbí aṣọ nù ún, ẹ má fi epo fọ̀ ọ́. Ìka kan ṣoṣo ti tó láti já a.

Kí n tó kúrò níbẹ̀, ẹ wo abẹ́ ẹsẹ̀ dírẹ́bà pẹ̀lú. Rọ́bà ilẹ̀ ọkọ̀ tó ká jọ sábẹ́ pẹ́dà epo kì í jẹ́ kó wọlẹ̀ tán. Ẹ lè rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀fẹ́ ni àtúnṣe rẹ̀.

Epo wá ńkọ́? Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti kéde pé kò sí owó ìrànwọ́ orí epo mọ́, ẹ mọ ibi tí owó jálá epo gbà lọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ra epo kẹ́ẹ̀gì lẹ́bàá ọ̀nà, omi àti ìdọ̀tí sì wà nínú òmíràn. Ilé epo náà ò sì bọ́ nínú rẹ̀ pátápátá. Ẹ rántí oṣù Kejì ọdún 2022, nígbà tí epo tí kẹ́míkà methanol pọ̀ jù nínú rẹ̀ wọ orílẹ̀-èdè yìí, tí wọ́n fi ní láti kó o kúrò lọ́jà. Bí ẹ bá fura sí epo, ẹ fà díẹ̀ sínú ìgò funfun, ẹ gbé e kalẹ̀ fún wákàtí kan níbi tí kò sí iná. Omi á wà nísàlẹ̀, epo á léfòó.

Bí epo bá mọ́, ẹ wo fílítà epo àti pọ́ǹpù inú táńkì. Pọ́ǹpù tó ń kú lọ a máa gbé ọkọ̀ dáadáa nínú ìlú, ṣùgbọ́n tó bá di orí òkè tí ẹ́ńjìnnì ń béèrè epo púpọ̀, kò ní lè fún un. Kì í ṣe nǹkan tí à ń fi etí gbọ́. Géèjì ni à ń fi wọn agbára epo, ìwé ọkọ̀ náà ló sì máa sọ iye tó yẹ kó jẹ́. Ẹ wọ̀n ọ́n nígbà tí ọkọ̀ ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe nígbà tó dúró lásán nìkan.

Ọ̀rọ̀ iná ò gùn. Ẹ́ńjìnnì bẹntiróò ti píkọ́ọ̀pù wa ní sílíńdà mẹ́rin. Bí púlọ́ọ̀gì tàbí kọ́ìlì kan bá kú, ìdá kan nínú mẹ́rin agbára ti lọ. Ọkọ̀ á máa gbọ̀n bó bá dúró, á máa já bí ẹ bá tẹ epo. Iná check engine lè máa ṣẹ́jú. Bí iná yẹn bá ń ṣẹ́jú, tí kò dúró sójú kan, ẹ má wa ọkọ̀ náà lọ jìnnà, torí epo tí kò jó ń lọ sínú sáléńsà, ó sì ń ba nǹkan mìíràn jẹ́ níbẹ̀.

Nǹkan mìíràn náà ni mo fẹ́ kí ẹ fọkàn sí, torí mo rò pé ó jọ ti ọkọ̀ wa. Nínú páìpù èéfín, kó tó dé sáléńsà, àpò irin kan wà tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní kátálíìsì. Inú rẹ̀ dà bí afárá oyin, ihò wẹ́wẹ́ wẹ́wẹ́ ló ní. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti sọ èéfín olóró di èyí tí kò fi bẹ́ẹ̀ pani lára. Bí púlọ́ọ̀gì bá ti kú fún ìgbà pípẹ́, tàbí tí ẹ́ńjìnnì ń jẹ òróró, afárá yẹn a yọ́, á dí. Tí èéfín ò bá rí ọ̀nà jáde, afẹ́fẹ́ tuntun ò lè wọlé. Ẹni tí wọ́n fi ọwọ́ bò nímú ò lè sáré.

Àmì rẹ̀ rèé. Ọkọ̀ á sitáàtì dáadáa, á dúró jẹ́ẹ́. Bí ẹ bá gbéra ní àárọ̀, kò burú jù. Bó bá ti gbóná, tí ẹ sì dé ẹsẹ̀ òkè, ẹ́ńjìnnì ò ní lè yí kọjá ibì kan, bó ti wù kí ẹ tẹ epo tó. Ohun tí dírẹ́bà wa sọ gan-an nìyí. Mi ò ní ó dá mi lójú o. Mo ní kí a wọ̀n ọ́n.

Géèjì kan wà tó ń wọn bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń fa afẹ́fẹ́. Bí ẹ́ńjìnnì tó gbóná bá dúró jẹ́ẹ́, ó yẹ kó wà láàárín 17 sí 21 lórí ìwọ̀n ínṣì, ní ilẹ̀ gíga bíi tiwa ó lè dín díẹ̀. Ẹ gbé ẹ́ńjìnnì sókè dé 2,500, kí ẹ mú un dúró síbẹ̀. Bí ọ̀nà èéfín bá là, ọwọ́ géèjì á padà sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀, tàbí kó ga jù ú lọ. Bó bá ń wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tí kò dúró, ọ̀nà èéfín ti dí. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni.

Ẹ wá rò ó wò. Ká ní kátálíìsì ló dí. A dá owó, a ra ẹ́ńjìnnì tòkúnbọ̀, wọ́n gbé e wọlé, wọ́n so ó mọ́ páìpù èéfín àtijọ́. Ẹ́ńjìnnì tuntun yẹn náà ò ní fà! Owó ti lọ, ọkọ̀ ò yí padà, a ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wa jà lórí gúrúùpù. Ẹ́ńjìnnì tòkúnbọ̀ fúnra rẹ̀ ńkọ́? A ò mọ ibi tó ti wá, a ò mọ iye kìlómítà tó ti rìn. A lè fi èyí tó dára sílẹ̀ ká gbé èyí tó rẹ̀ wálé.

Nípa kọ̀ǹpútà: àwọn ọkọ̀ tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1996 ní ojú ihò kan lábẹ́ ibi ìtọ́kọ̀ tí à ń ki sikánà bọ̀. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ìgbà yìí láti ibòmíràn náà ní i. Sikánà kékeré wà tó ń bá fóònù sọ̀rọ̀. Bó bá gbé P0171 jáde, ó ń sọ pé afẹ́fẹ́ pọ̀ ju epo lọ. P0101 ń tọ́ka sí sẹ́ńsọ̀ afẹ́fẹ́. P0300 ń sọ pé iná ń já kiri nínú sílíńdà. P0420 ń sọ pé kátálíìsì ò ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ mi o: nọ́ńbà yìí ń júwe àdúgbò ni, kì í júwe ilé. Ẹni tó bá rí P0171, tó sáré lọ ra sẹ́ńsọ̀, lè rí i pé rọ́bà tó ya ló ń dà á láàmú. Kí ẹ kọ nọ́ńbà náà sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó pa á rẹ́.

Ẹ tún yẹ iná check engine wò. Bí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́ kí ẹ tó sitáàtì, ó gbọ́dọ̀ tàn. Lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì bá dìde, ó gbọ́dọ̀ kú. Bí kò bá tàn rárá, ẹnì kan lè ti yọ ọ́, torí kí ẹni tó ń rà á má baà rí àìsàn ọkọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra tòkúnbọ̀, ẹ má san kọ́bọ̀ kí ẹ tó wo èyí, kí ẹ sì tó gbé e gun òkè nígbà tó ti gbóná.

Ẹ̀yin tí píkọ́ọ̀pù yín ń lo dísẹ̀lì, ọ̀nà kan náà ni, àyàfi pé kò sí púlọ́ọ̀gì iná. Ẹ kọ́kọ́ tú omi kúrò nísàlẹ̀ fílítà dísẹ̀lì. Lẹ́yìn náà, ẹ wo rọ́bà tó jáde láti ara tọ́bò. Bó bá ya, ẹ máa gbọ́ ìró fíìì, èéfín dúdú á sì pọ̀. Èéfín dúdú ń sọ pé afẹ́fẹ́ ò tó epo. Èéfín aláwọ̀ búlúù ń sọ pé òróró ẹ́ńjìnnì ń jó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọwọ́ wá ibi tí dísẹ̀lì ti ń jò lára páìpù tó lọ sí ẹnu ẹ́ńjìnnì ìgbàlódé. Agbára rẹ̀ kọjá 1,000 bar, ó lè gba awọ ara wọlé. Ẹni tó bá ṣẹlẹ̀ sí, ilé ìwòsàn ló gbọ́dọ̀ lọ kíá.

Bí gbogbo èyí bá mọ́ pátá, ìgbà náà la tó lè bi ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀. Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ gé epo àti iná, ẹ tẹ pẹ́dà mọ́lẹ̀, ẹ fi géèjì wọn bí sílíńdà kọ̀ọ̀kan ṣe ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀. Bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá sún mọ́ra, tí wọn ò sì kéré sí èyí tí ìwé ọkọ̀ sọ, ẹ́ńjìnnì ṣì lágbára. Bí ọ̀kan bá kéré gan-an, ẹ da òróró ṣíbí kan sínú rẹ̀, ẹ tún wọ̀n ọ́n. Bó bá gòkè, ríǹgì písítìnì ti jẹ. Bí kò bá gòkè, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ fáàfù tàbí gásíkẹ́ẹ̀tì, ìyẹn sì ṣeé tún ṣe láìra ẹ́ńjìnnì. Bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá wálẹ̀ pátápátá, á jẹ́ pé òótọ́ ni ọmọ wa sọ. Lọ́jọ́ náà, èmi ni n ó kọ́kọ́ mú owó ẹ́ńjìnnì tèmi wá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo fẹ́ kí ìpàdé yìí fọwọ́ sí.

Èkínní, kí a fún ìwádìí ní owó tirẹ̀, kí a san án fún mẹkáníìkì wa gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́. Ohun tó ń fà á tí wọ́n fi ń méfò ni pé a kì í fẹ́ san owó àyẹ̀wò. Owó páàtì nìkan la mọ̀ ọ́n san. Bí a bá sanwó fún òótọ́, òótọ́ á wá.

Èkejì, kí a kọ èsì sórí ìwé: ooru táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, bí kílọ́ọ̀ṣì ṣe rí, nọ́ńbà sikánà, agbára epo, géèjì afẹ́fẹ́, àti ti sílíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kí ọmọ ẹgbẹ́ méjì dúró tì wọ́n, kí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ sórí gúrúùpù. Páàtì tí a bá sì pààrọ̀, kí a rí ògbólógbòó rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ẹ̀yin ará òkè òkun. Ẹ ti ń ṣe gudugudu méje, a ò lè sọ pé ẹ ò ṣe é. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ má tíì fi owó ẹ́ńjìnnì ránṣẹ́. Ẹ bá wa ra sikánà kan tó dára, àti géèjì mẹ́ta tí mo dárúkọ: ti epo, ti afẹ́fẹ́, ti sílíńdà. Ọkọ̀ gbogbo ìlú ló máa jẹ àǹfààní rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, títí ìwádìí á fi parí, kí dírẹ́bà wa má fi ọkọ̀ náà kọjá tírélà lójú ọ̀nà oníbejì yìí. Ọkọ̀ tí kò fà lè gbé èèyàn dé àárín ọ̀nà, kó má gbé e kúrò níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká bẹ àwọn tó ní ọkọ̀ tó pé nílé, kí wọ́n pín òru láàárín ara wọn fún gbígbé aláìsàn. Mo ti fi orúkọ tèmi sílẹ̀ fún òru ọjọ́ Jímọ́ọ̀. Akọ̀wé wa ní ìwé lọ́wọ́, orúkọ mẹ́fà ló kù. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, ẹ dìde kí ẹ lọ kọ tiyín kí ẹ tó jáde.

Ọlọ́run á dá ẹ̀mí gbogbo wa sí. Ìlú wa á máa gòkè.